Kọ́lá Ògúnmọ́lá: tíṣà ọmọ Òkèmẹ̀sí tó di Lànkẹ́ Ọ̀mùtí

Lọ́dún tó kọjá, a ṣe eré kan ní Àrámọkọ láti fi kówó jọ fún ọ̀gá wa. Ọ̀gá tí mò ń wí yìí ló kọ́ wa ní tíátà nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, láyé tí kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnì kankan, tó jẹ́ pé bí iná bá lọ láàárín eré, àtùpà la máa tàn tí eré á sì máa lọ. Ọ̀kadà ló gbé bàbá náà ṣubú. Egungun ìdí wọn kán, owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n pè sì ju agbára wọn lọ. Ẹ ní owó ìfẹ̀yìntì wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Àwa tí wọ́n kọ́ kó ara wa jọ láti Ìjerò, láti Ẹ̀fọ̀n, láti Adó, títí kan àwọn tó wà l'Ékòó. A yá gbọ̀ngàn, a ta tíkẹ́ẹ̀tì ní 2,000 náírà, a sì fẹnu kò pé eré tí wọ́n fi kọ́ wa nígbà náà la máa ṣe, ìyẹn Lànkẹ́ Ọ̀mùtí. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe Lànkẹ́. Wọ́n ní ikùn tí mo ní báyìí ti bá ọ̀mùtí mu, wọn ò ní í nílò láti di ìrọ̀rí mọ́ mi níkùn.

Ọjọ́ kan tí a wà ní ríhásà, ọmọkùnrin kan tó ń bá wa lu gángan, tí kò tíì pé ogún ọdún, bèèrè ẹni tó ni eré náà. Ẹnì kan dáhùn pé Amos Tutùọlá ni. Kò parọ́, Tutùọlá ló kọ ìwé náà. Mo wá bi wọ́n pé ta ló sọ ìwé di eré? Gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni, ẹnì kan ní òun ti gbọ́ orúkọ yẹn rí, pé ará Òṣogbo ni. Mo ní ọmọ Òkèmẹ̀sí ni. Wọ́n rò pé mò ń ṣe àwàdà. Òkèmẹ̀sí tó jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwa àti wọn! Ọmọ onílù yẹn fa fóònù yọ, ó wá orúkọ náà títí, ohun tó rí kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1925 ni wọ́n bí Èlíjà Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá ní Òkèmẹ̀sí. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá mọ bí òkè ṣe yí ìlú náà ká, tí ọ̀nà á máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ìkùukùu á sì bo gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Òkèmẹ̀sí, Ogun Kírìjì ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, torí ọmọ ibẹ̀ ni Fábùnmi tó dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí ogun fi bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí Kọ́láwọlé. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ogun lálaalẹ́ ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa sọ fún ayé kò ní ìbọn nínú. Ẹ̀rín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá kàwé ní Èkìtì kò ní ọ̀nà púpọ̀. Kó di tíṣà, kó di akọ̀wé, tàbí kó di ẹni Ọlọ́run nínú ìjọ. Tíṣà ni Ògúnmọ́lá dì. Ẹ má fi ojú tí a fi ń wo tíṣà báyìí wò ó o. Tíṣà nígbà náà ni ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé onílílọ̀, tó gun kẹ̀kẹ́, tó ń kọ lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò, tó ń lu dùùrù tàbí tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Bí ọmọ èèyàn bá di tíṣà, ìyá rẹ̀ á máa rìn bí ìyàwó ọba láàárín ọjà. Owó oṣù ń wọlé, ilé ń bẹ, iyì ń bẹ.

Iṣẹ́ yẹn ni ọkùnrin yìí pa tì nítorí eré.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó, ẹ jẹ́ ká rántí ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo òṣèré. Alárìnjó ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú ìlù àti ẹ̀kú. Inú aráàlú á dùn láti wò wọ́n, àmọ́ baba wo ló máa fẹ́ kí ọmọ òun tẹ̀ lé wọn lọ? Ohun tó wá dá kún un ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ti gba eré mọ́ra lọ́nà tirẹ̀. L'Ékòó, láwọn ìjọ mélòó kan, wọ́n ti ń fi ìtàn Bíbélì ṣe eré olórin lédè Yorùbá. Inú irú rẹ̀ ni Hubert Ògúndé ti jáde. Ọlọ́pàá ni Ògúndé. Ní 1944, ó ṣe eré kan lórí Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládùúrà, èèyàn rọ́ wá wò ó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò pẹ́ tó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn, tó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ògúnmọ́lá fẹ́ràn Ògúndé dé góńgó. Gbogbo ẹni tó kọ nǹkan nípa rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: Èkó ni Ògúndé wà, níbi tí iná mànàmáná àti gbọ̀ngàn ńlá wà. Èkìtì ni tíṣà wa wà. Síbẹ̀, ní 1947, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn Bíbélì lòun náà fi bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ nìyẹn, kò sì sí òbí tó máa bínú pé ọmọ òun ń ṣe Jósẹ́fù àtàwọn arákùnrin rẹ̀.

Fún ọdún díẹ̀, ó fara jọ Ògúndé gan-an. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà tirẹ̀. Sasofóònù àti fèrè òyìnbó ló gbayì lágbo tíátà nígbà náà. Ògúnmọ́lá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe àwọn onílù wọlé. Dùndún àti gángan ló ń bá òṣèré rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wo eré orí ìtàgé Yorùbá rí á mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe: òṣèré á ṣe ojú kan báyìí, ìlù á sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Ó dà bíi nǹkan kékeré lójú wa lónìí torí ó ti mọ́ wa lára. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ rò ó pé ìlù ilé wa tó ohun tí a fi ń ṣe tíátà òde òní.

Ìyàtọ̀ kejì wà lára òun fúnra rẹ̀. Ògúndé ń jà, ó ń bá ìjọba fa á, àwọn eré rẹ̀ kan tiẹ̀ di ohun tí ìjọba fòfin dè. Ọwọ́ Ògúnmọ́lá rọ̀. Àwọn tó rí i lórí ìtàgé sọ pé kì í pariwo. Ó lè dúró síbì kan kó má sọ ọ̀rọ̀ kankan, kó fi ìka ọwọ́ àti ìpéǹpéjú nìkan sọ bí ebi ṣe ń pa èèyàn, bí ìyàwó ṣe ń dààmú ọkọ, bí ẹni tó jẹ gbèsè ṣe ń yọ́ rìn kọjá níwájú ilé ẹni tó jẹ ní gbèsè. Àríwísí rẹ̀ wà nínú ẹ̀rín. Mo máa ń rò ó pé iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ ọ níyẹn. Ẹni tó ti dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ láìní máíkì mọ̀ pé bí o bá pariwo jù, wọn ò ní í gbọ́ ẹ. Bí o bá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á sún mọ́ ẹ.

Eré rẹ̀ tó kọ́kọ́ gba ìlú kan ni Ìfẹ́ Owó. Ọ̀rọ̀ ilé ni: ọkọ, ìyàwó, àti owó tó wọ àárín wọn tó sì tú gbogbo rẹ̀ ká. Bí ẹ bá tan tẹlifíṣàn lálẹ́ òní, ẹ máa rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ eré yẹn níbẹ̀, pẹ̀lú mọ́tò ńlá àti wíìgì. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Òṣogbo ní 1965. Ó tún ní Agbára J'agbára, tó dá lórí àwọn alágbára tó gbàgbé pé agbára kan ju òmíràn lọ.

Ẹ gbọ́ tí mo dárúkọ Òṣogbo. Ibẹ̀ ló fi ṣe ibùdó, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa pè é ní ará ibẹ̀. Èèyàn ò lè dá wọn lẹ́bi. Òṣogbo láàárín ọdún 1960 sí 1970 dà bí ọjà tí gbogbo oníṣẹ́ ọnà ń ná. Dúró Ládípọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe Ọba Kò So. Oyin Adéjọbí wà níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán wà níbẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó fẹ́ràn àṣà wa, wà láàárín wọn, òun àti Ládípọ̀ ló wà nídìí Mbárí Mbáyọ̀ tó ṣí ní 1962. Beier mọ Ògúnmọ́lá dáadáa, ó sì kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ tó hàn gbangba.

Àmọ́ ẹ má rò pé ìgbádùn ni ìgbésí ayé wọn. Lọ́rì ni ilé ẹgbẹ́ tíátà. Wọ́n á dé ìlú kan lọ́sàn-án, wọ́n á fi lọ́rì yẹn yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù, wọ́n á lẹ pósítà mọ́ ara ògiri. Tó bá di alẹ́, wọ́n á ṣe eré ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí nínú kíláàsì ilé-ìwé tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì rẹ̀ jáde. Bí òjò bá rọ̀, ó tán. Bí ènìyàn ò bá wá, àwọn òṣèré ò ní í jẹun dáadáa, epo mọ́tò náà á sì dọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kó wọn jọ ni baba wọn, ẹni tó ń bọ́ wọn, tó ń tọ́jú wọn bí wọ́n bá ń ṣàìsàn, tó ń parí ìjà wọn. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wọn láti inú rẹ̀ nígbà púpọ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn kún un títí tó máa fi dán. Ẹni tó ti fi kíláàsì sílẹ̀ tún rí ara rẹ̀ nínú kíláàsì mìíràn tí kò ní òrùlé.

Ohun tó wá gbé e kúrò ní ipò òṣèré ìlú wa dé ibi tí ayé ti gbọ́ nípa rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ tíátà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, wọ́n sì pe Ògúnmọ́lá wá fún oṣù mẹ́fà. Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà ló san owó rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Tíṣà tí kò lọ yunifásítì kankan, ni yunifásítì wá pè kó wá lo orí ìtàgé wọn, iná wọn, àti àkókò wọn. Wọn ò sọ fún un pé kó wá ṣe Shakespeare. Ohun tirẹ̀ ni wọ́n ní kó wá ṣe.

Ìwé tó mú ni The Palm-Wine Drinkard. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àbí? Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ìwé mẹ́fà ni ó kà, tó jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, ló kọ ọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952. Àwọn òyìnbó yìn ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa ló ń bínú. Wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kó ìtìjú bá wa, pé àwọn òyìnbó á máa rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ò bìkítà fún ìtàn tó wà nínú rẹ̀.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ọkùnrin kan wà tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Baba rẹ̀ lówó, ó fún un lóko ọ̀pẹ tí igi rẹ̀ tó 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Adẹ́mu yìí máa ń gbé akèrègbè 150 wá láàárọ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí á mu gbogbo rẹ̀ tán kó tó di aago méjì ọ̀sán, adẹ́mu á tún lọ gbé 75 wá nírọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ pọ̀ nílé rẹ̀, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé kí ló fà á. Lọ́jọ́ kan, adẹ́mu jábọ́ lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ẹmu tán, ọ̀rẹ́ tán. Ọ̀mùtí bá gbéra, ó ní òun ń lọ sí ìlú àwọn òkú láti lọ wá adẹ́mu òun bọ̀. Ohun tójú rẹ̀ rí lọ́nà, àwọn iwin, àwọn ẹ̀dá inú igbó, ló kún inú ìwé yẹn.

Ògúnmọ́lá gbé ìtàn yìí, ó dá a padà sí èdè tí Tutùọlá fi rò ó kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Gbogbo ariwo lórí gírámà parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dà bí àṣìṣe lójú àwọn ọ̀mọ̀wé di Yorùbá tó dá ṣáká lẹ́nu òṣèré. Ó fún ọ̀mùtí náà ní orúkọ, Lànkẹ́. Ó fi orin kún un, ó fi ijó kún un. Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tó wà ní yunifásítì náà nígbà yẹn, ló ya àwòrán ìtàgé tó sì ṣe aṣọ àwọn iwin. Àwọn tó wò ó ò gbàgbé àwọn iwin wọ̀nyẹn.

Ó tún yí nǹkan kan padà tí mo máa ń ronú lé lórí. Nínú ìwé Tutùọlá, ọ̀mùtí lọ sí ìlú àwọn òkú lóòótọ́, ó sì bọ̀. Nínú eré Ògúnmọ́lá, Lànkẹ́ jí nígbẹ̀yìn. Àlá ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní ó ba ìtàn náà jẹ́, pé ó sọ iṣẹ́ ìyanu di ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí tó sùn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí mo ti dúró sójú ibẹ̀ ní Àrámọkọ. Bí o bá wà lórí ìtàgé tí o jí, tí o wo ọwọ́ rẹ tí kò sí igbá níbẹ̀, ilé máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo èèyàn tó jókòó ló ní ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ lọ mú bọ̀ láti ìlú àwọn òkú, gbogbo wọn ló sì ti jí rí. Tíṣà mọ ohun tó ń ṣe.

Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn tíátà Yunifásítì Ìbàdàn. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣe Lànkẹ́. Láti ibẹ̀, ó gbé e kiri. Ilé-ìwé ni ó pọ̀ jù níbi tí ó gbé e dé, èyí tó yẹ kí ó yé wa. Ní 1968, Robert Armstrong àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló jẹ́ kí ó wà fún wa títí dòní, kò bá ti bá ẹnu lọ. Ní 1969, nígbà tí gbogbo Áfíríkà kó ara wọn jọ sí Algiers fún àjọ̀dún àṣà àkọ́kọ́ irú rẹ̀, eré ọmọ Òkèmẹ̀sí yìí wà lára ohun tí Nàìjíríà gbé lọ. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ nílé nígbà náà.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ọdún wọ̀nyẹn pọ̀. 1947, ó bẹ̀rẹ̀. 1963, ó dé ibi gíga. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wà nínú lọ́rì kí yunifásítì tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Algiers, ọdún mẹ́rin péré ló kù fún un. Ó kú ní 1973, kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyí. Dúró Ládípọ̀ tẹ̀ lé e ní 1978. Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá pẹ́ láyé, ó dàgbà dáadáa, àmọ́ ẹ ò gbàgbé ohun tí àwọn olè fíìmù fi ojú rẹ̀ rí nídìí Ọ̀run Móoru, fíìmù tó ná owó púpọ̀ lé lórí ní 1982. Gbèsè ló kù sí i lọ́rùn. Àwọn èèyàn yìí ló kọ́ gbogbo ìran tó ń ṣe fíìmù Yorùbá lónìí ní iṣẹ́, yálà ojúkojú tàbí láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ́. Tíṣà tó bá dúró nídìí iṣẹ́ rẹ̀ á gba owó ìfẹ̀yìntì, ó kéré tàbí ó pọ̀. Òṣèré ò ní in. Nígbà tí Ògúnmọ́lá fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀. Bí ara ò bá yá, ẹgbẹ́ ò lè jáde, bí ẹgbẹ́ ò bá sì jáde, owó ò wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn òṣèré fi máa ń ṣe eré fún ara wọn bí ọ̀kan bá ṣubú. Àwọn kan máa ń bú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó. Mo bẹ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àjọ̀jẹ ni, àjọ tí wọ́n ti ń dá látijọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi ń dá a.

Ní Òkèmẹ̀sí kan náà ni wọ́n bí Jímọ̀ Àlíù, Àwòrò, sí. Àwọn tó ti tó bíi tèmi lọ́jọ́ orí á rántí bí Àrélù àti Yánpọnyánrin ṣe ń lé wa wọlé lálẹ́. Ọ̀dọ̀ Akin Ògúngbè lòun ti kọ́ṣẹ́, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó padà sídìí eré, ó sì kú l'Ádó-Èkìtì ní oṣù kẹsàn-án 2020. Ìlú kan láàárín òkè, òṣèré ńlá méjì. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọmọ onílù wa, ó ní kí ló wà nínú omi wọn. Mi ò mọ̀.

Ó kù kí n sọ bí eré wa ṣe lọ. Gbọ̀ngàn kún ju bí a ṣe rò lọ, torí òjò ò rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀gá wa wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n gbé wọn sí iwájú pátápátá. Owó tí a pa kò pé, ó kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. A ti fi sí i pé a máa gbé eré náà lọ sí Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n.

Lẹ́yìn eré, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ń retí ìyìn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa, àmọ́ mo sáré gbé igbá ẹmu sẹ́nu jù. Wọ́n ní Lànkẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo inú igbá náà, kó rí ojú ara rẹ̀ nínú ẹmu, kó tó mu ún. Wọ́n ní kí n gbé igbá wá. Ibi tí wọ́n jókòó sí nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, pẹ̀lú ìdí tí kò tíì jinná, ni wọ́n ti fi bí mo ṣe máa ṣe é hàn mí, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn tì wọ́n lọ sílé.